Ikọ̀ Wo Ló Mú Un Lọ?

Kí ìyá náà tó jókòó tán ló ti na bàtà ọmọ rẹ̀ sí mi. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni, sálúbàtà búlúù tí okùn rẹ̀ ti já tí wọ́n fi wáyà so. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn oníbọn wá gbé ọmọkùnrin náà lọ ládùúgbò wọn nílùú Ìbàdàn. Mo fa fọ́ọ̀mù jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè bí mo ti ń bi gbogbo ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ mi láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn: orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, aago mélòó ni wọ́n dé, èèyàn mélòó ni wọ́n. Ó ń dáhùn geere, àfi ìgbà tí a dé orí ìlà keje.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ikọ̀ wo ló mú un lọ?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Lọ́yà, ọmọ mi, ṣé ẹni tó ń fi ìdí ìbọn fọ́ ilẹ̀kùn tún máa ń dárúkọ ara rẹ̀ fún onílé ni? Aṣọ dúdú ni wọ́n wọ̀. Mọ́tò wọn funfun. Ohun tí mo rí nìyẹn."

Mo fi ìlà keje sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi ni ìlà keje wọn ṣófo bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìyá náà kò mọ̀, tí èmi náà kò sì tètè mọ̀, ni pé orí ìlà yẹn ni òfin kan tí wọ́n ṣe ní Washington dúró lé, òfin tó ń sọ ẹni tí Amẹ́ríkà lè fún níbọn, ẹni tó lè kọ́ ní iṣẹ́ ogun, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ fún ní ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká gbé e kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ilé. Bí mo bá yá aládùúgbò mi ní àdá kó fi ṣánko, tó wá fi ṣá ọmọ ọlọ́mọ, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo lè búra pé n kò mọ̀. Bó bá padà wá lọ́sẹ̀ kejì tòun ti ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, tí mo tún na àdá sí i, tí mo tiẹ̀ bá a pọ́n ọn, kí ni mo fẹ́ wí níwájú adájọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í dun àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà kan nígbà tí ogun Vietnam ń lọ sópin. Lọ́dún 1973, Donald Fraser, aṣojú-ṣòfin láti Minnesota, bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹlẹ́rìí jọ kí wọ́n wá sọ ohun tí ojú wọn rí ní àwọn ilẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń bá ṣọ̀rẹ́. Ọdún yẹn gan-an ni Pinochet àti àwọn ológun rẹ̀ gbàjọba ní Chile. Ní 1974, àwọn aṣòfin fi ìsọ̀rí 502B kún òfin ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1976, wọ́n sọ ọ́ di dandan. Ìjọba tó bá sọ títẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́lẹ̀ di àṣà kò gbọdọ̀ rí ìrànwọ́ ètò ààbò gbà. Ọdún 1976 yìí kan náà ni Edward Kennedy ṣáájú àwọn tó ti ilẹ̀kùn ohun ìjà mọ́ Chile.

Òfin náà dùn létí. Àléébù rẹ̀ ni pé odindi orílẹ̀-èdè ló dì mú. Ààrẹ wo ló fẹ́ kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀daràn lójú gbogbo ayé? Wọ́n sì ti ki ọ̀rọ̀ kékeré kan bọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwa lọ́yà mọ̀ bí ẹni mọ owó: àyàfi. Àyàfi bí ọ̀ràn bá pọn dandan. Ẹnu ọ̀nà tí erin lè gbà kọjá ni. Ẹ wo Íjíbítì, tó ń gba 1.3 bílíọ̀nù dọ́là ìrànwọ́ ológun lọ́dọọdún. Àwọn aṣòfin a so apá kan owó náà mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ìjọba a sì fọwọ́ sí ìwé pé kó máa lọ nítorí ààbò Amẹ́ríkà. Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì náà ló kúkú ṣe ìrésà.

Patrick Leahy, sẹ́nétọ̀ láti Vermont, ló gba ọ̀nà mìíràn yọ sí ọ̀rọ̀ náà. Kó tó di aṣòfin ní 1975, agbẹjọ́rò ìjọba ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa arúfin lọ sílé ẹjọ́. Mo gbà pé ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ pé adájọ́ kì í rán ìlú lẹ́wọ̀n, èèyàn ló ń rán lẹ́wọ̀n. Ní 1997, nígbà tí owó ìgbógunti oògùn olóró ń wọ́ lọ sí Colombia, ó ti gbólóhùn kan bọ inú òfin ìnáwó. Ikọ̀ ọmọ ogun tàbí ọlọ́pàá tí ìròyìn tó ṣeé gbà gbọ́ bá fi hàn pé ó pa èèyàn láìgbẹ́jọ́ wọn, pé ó dá wọn lóró, pé ó gbé wọn pamọ́ tàbí pé ó fipá bá wọn lò pọ̀, owó Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè náà lè máa gba tirẹ̀ lọ, ikọ̀ yẹn ni ilẹ̀kùn á tì mọ́, títí ìjọba rẹ̀ yóò fi gbé àwọn tó ṣiṣẹ́ ibi náà lọ síwájú ìdájọ́. Òfin Leahy ni gbogbo ayé ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Leahy fúnra rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì láti oṣù Kìíní 2023.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó rọrùn láti sọ. Kí kápútéènì kan láti Kàdúná tó wọ bàálù lọ kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ aṣojú wọn ní Àbújá á kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ikọ̀ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á wo ohun tí wọ́n ní nípa rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Washington, àwọn ìyẹn náà á tún wò ó. Wọn kì í dúró de kí ilé ẹjọ́ dáni lẹ́bi. Ìròyìn tó ṣeé gbà gbọ́ ti tó. Ṣùgbọ́n níbo ni ìròyìn ti ń wá? Díẹ̀ lára rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn amí, díẹ̀ láti inú ìwé ìròyìn, èyí tó pọ̀ sì ń bọ̀ láti ọwọ́ irú àwa tí à ń jókòó ti ìyá tó mú bàtà ẹsẹ̀ kan wá. Ikọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá dárúkọ rẹ̀, mímọ́ ni lójú ẹ̀rọ. Kápútéènì á gba físà, á lọ, á bọ̀.

Nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo bá ọkùnrin kan pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó, ọ̀kan lára àwọn tó ń bá àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. Mo gbé ìdì ìwé kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tí wọ́n lù, tí wọ́n yìnbọn lù, tí wọn kò padà wálé mọ́. Ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó sì bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: ikọ̀ wo, ọjọ́ wo, ta ni ọ̀gá wọn lọ́jọ́ náà? N kò ní ìdáhùn sí ìkínní àti ìkẹta nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ó dá ìwé padà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Inú bí mi débi pé n kò mu tíì tí wọ́n gbé wá. Mo ní òkú sùn lórí tábìlì, ọkùnrin yìí ń béèrè nọ́ńbà. Ó tó ọdún bíi mélòó kan kí n tó gbà pé òun ló mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí èmi kò mọ tèmi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. N kò ríran lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn ní 2014 á rántí bí orúkọ òfin yìí ṣe délé wa. Oṣù Kẹrin ọdún náà ni Boko Haram kó ọmọbìnrin 276 ní ilé ẹ̀kọ́ Chibok. Gbogbo ayé ń pariwo, Nàìjíríà ní kí wọ́n ta hẹlikópítà ìjà Cobra fún òun. Ísírẹ́lì ní i, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló ṣe é, kò sì ṣeé tà láìjẹ́ pé Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i. Nínú ìdí tí wọ́n sọ ni pé ọkàn wọn kò balẹ̀ pé a lè lò ó kó má bá àwọn tí kò mọ ọwọ́ mọ ẹsẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, aṣojú wa ní Washington, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébọ̀wálé Adéfúyẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó ti kọ́ni ní ìmọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Èkó, dìde níwájú àwọn àgbààgbà ọlọ́rọ̀ ìlú níbẹ̀, ó sì tú ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde láìfi epo bọ iyọ̀. Kí ni ìwúlò ọ̀rẹ́ tí kò fúnni níbọn nígbà tí ilé ń jó? Àhesọ lásán, ó ní, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan àwọn ọmọ ogun wa. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Nàìjíríà dá ẹ̀kọ́ tí Amẹ́ríkà ń kọ́ bàtálíọ̀nù wa kan dúró.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Adéfúyẹ̀ lórí rédíò, mo sì káwọ́ lérí. Apá kan mi ń bá a binú, apá kejì ń bá a dárò. Ẹni tí wọ́n ń dáná sun abúlé rẹ̀ ní Borno kò lè dúró de fọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àhesọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní bárékè Giwa ní Maiduguri lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún náà, oṣù kan ṣáájú Chibok. Boko Haram ṣí ẹ̀wọ̀n ibẹ̀, àwọn tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀ sá jáde, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ Boko Haram. Amnesty International ní èèyàn tó lé ní 600 ni àwọn ológun tún mú tí wọ́n sì pa lọ́jọ́ náà. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹfà 2015, wọ́n dárúkọ àwọn ọ̀gá ológun, wọ́n dárúkọ ibùdó, wọ́n sọ ọjọ́. Mo ka ìwé náà lóru kan. Ìlà keje rẹ̀ kò ṣófo.

Àwọn tí òfin yìí ń bí nínú a máa sọ pé bí ẹni yìí kò bá tà, ẹlòmíràn á tà. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án 2014, wọ́n bá 9.3 mílíọ̀nù dọ́là, owó lọ́wọ́, nínú bàálù àdáni kan tó gbéra láti Nàìjíríà balẹ̀ sí South Africa. Ìjọba wa ní ohun ìjà ni àwọn fẹ́ fi rà. Ẹ fojú inú wò ó: àpótí owó nínú bàálù, bí ẹni ń lọ sọ́jà Bódìjà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Ààrẹ Muhammadu Buhari, tí kò tíì pé oṣù méjì lórí oyè, sọ ní Washington pé lílo òfin Leahy ti ran Boko Haram lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́nu olórí orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n òfin náà kò ti ilẹ̀kùn mọ́ Nàìjíríà lódindi. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ̀ wò, ó sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ pé kí a gbé àwọn arúfin lọ sílé ẹjọ́, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Ọ̀nà yìí ni n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn àgbà wa dárúkọ. Ó ní láti jẹ́ pé ó rọrùn láti bú Leahy ju láti pe ọ̀gágun kan wá síwájú adájọ́.

Ìtàn tí mo fẹ́ jókòó tì jù lọ nìyí: ìtàn bàálù méjìlá.

Super Tucano ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ Embraer ti Brazil ló ya àwòrán rẹ̀. Ìlú Jacksonville ní Florida ni wọ́n ti to tiwa pọ̀. Ìjọba Obama ti fẹ́ tà á fún wa. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kìíní 2017, bàálù ológun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kala Balge ní Borno. Àwọn tó ń pín oúnjẹ wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross wà níbẹ̀, àwọn ìyá wà lórí ìlà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Òkú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ilé iṣẹ́ ológun gbà pé àṣìṣe ni. Nígbà tó yá wọ́n ní àgọ́ náà kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ tí àwọn fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rírà bàálù dúró lójú ẹsẹ̀ ní Washington.

Trump dé, ó fẹ́ tún gbé e dìde. Ní oṣù Kẹfà, sẹ́nétọ̀ méjì kọ lẹ́tà pé kó má tíì tà á: Cory Booker láti New Jersey, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, àti Rand Paul láti Kentucky, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Republican. Ẹni tó bá mọ òṣèlú ibẹ̀ mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í sábà jẹun nínú àwo kan. Wọ́n dárúkọ Rann. Ìjọba kò gbà fún wọn. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n fi tó àwọn aṣòfin létí pé àwọn fẹ́ ta bàálù méjìlá pẹ̀lú ohun ìjà wọn ní 593 mílíọ̀nù dọ́là. Òfin Leahy kò tilẹ̀ dé ibẹ̀, nítorí ìrànwọ́ ni òfin náà ń ṣọ́, owó ara wa la sì fi fẹ́ rà á. Òfin mìíràn ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún àwọn aṣòfin kí wọ́n tó ta ohun ìjà ńlá, àwọn olórí ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sì lè ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ohun tí sẹ́nétọ̀ Menendez àti Risch, tí wọ́n ń darí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣe nìyẹn ní 2021 nígbà tí a tún fẹ́ ra hẹlikópítà méjìlá. Kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, ó di 2022.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wá sílé.

Owó tí wọ́n fi ra Super Tucano, owó epo rọ̀bì tiwa ni, tèmi àti ti ìyá tó mú sálúbàtà wá. Ìsọ̀rí 80 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé kò sí kọ́bọ̀ tó gbọdọ̀ jáde nínú àpò ìjọba àpapọ̀ láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kẹrin 2018, lẹ́tà Ààrẹ Buhari dé Ilé Aṣòfin Àgbà. Ó ní òun ti san 496 mílíọ̀nù dọ́là ó lé díẹ̀ fún Amẹ́ríkà nítorí bàálù náà. Ó ní òun rò pé wọ́n á fọwọ́ sí i ni. Owó ti lọ kí ìwé tó dé. Ariwo ta. Àwọn sẹ́nétọ̀ kan ní kí wọ́n lo òfin tí wọ́n fi ń yọ ààrẹ nípò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ariwo wálẹ̀, bàálù ń bọ̀. Mẹ́fà àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Kano ní oṣù Keje 2021.

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Sẹ́nétọ̀ láti Kentucky, tí kò ní ìbátan kankan ní Borno, mọ̀ nípa bàálù wa ní oṣù mẹ́wàá ṣáájú kí sẹ́nétọ̀ wa tó gba lẹ́tà nípa rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo sì kà nípa ìjókòó Àbújá, orí owó ni ìjà dá lé: ta ló ná an, ta ló fọwọ́ sí i. N kò rí Rann níbẹ̀. Ìbéèrè tí Booker àti Paul béèrè, pé ta ni wọ́n máa jù ú lù, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ju ti ìṣáájú, ìbéèrè wa ni. Ìsọ̀rí 88 fún àwọn aṣòfin wa ní agbára láti wádìí ẹnikẹ́ni tó ń ná owó tí wọ́n fọwọ́ sí. Wọn kò nílò àyè lọ́wọ́ Vermont kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú àbá ìsúná pé ikọ̀ tó bá pa ará ìlú kò ní rí owó gbà títí a ó fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023, bàálù tí kò ní awakọ̀ ti àwọn ọmọ ogun tú bọ́ǹbù sórí àwọn tó ń ṣe Máólúdì ní Tudun Biri ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ó kéré tán, èèyàn 85 ló kú. Àwọn sẹ́nétọ̀ wa fi owó oṣù Kejìlá wọn ta àwọn ará abúlé náà lọ́rẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ebi kì í gbọ́ òfin. Ṣùgbọ́n àánú ni alájọgbélé ń ṣe. A kò dìbò yan ẹnikẹ́ni sí Àbújá kó wá máa ṣe sàráà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ ológun ní àwọn yóò gbé méjì nínú àwọn ọmọ ogun lọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun. Méjì.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń bọ òyìnbó, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìlú Ọba díẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa kún ojú títì ní oṣù Kẹwàá 2020, tí ìjọba fagi lé ikọ̀ ọlọ́pàá SARS lọ́jọ́ 11, tí ìbọn sì dún ní Lẹkkí ní Èkó lọ́jọ́ 20, àwọn ọmọ wa ní Peckham àti Tottenham kò sùn. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn èèyàn fọwọ́ sí lé ní 200,000, àwọn aṣòfin Bìrìtìkó sì jókòó lé e lórí lọ́jọ́ 23 oṣù Kọkànlá. Kí wọ́n tó jókòó ni Kate Osamor, aṣòfin tí òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ti béèrè lọ́wọ́ ìjọba bóyá wọ́n ti kọ́ SARS ní iṣẹ́ rí. Mínísítà James Duddridge kọ ìwé padà: bẹ́ẹ̀ ni, láàárín 2016 sí 2020, àwọn ọlọ́pàá SARS wà lára àwọn tó gba ẹ̀kọ́ tí owó Bìrìtìkó san. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni díẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú! Ìbéèrè kan láti ẹnu aṣòfin kan ló tú àṣírí náà. Bìrìtìkó ní ìlànà tiwọn tí wọ́n fi ń yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò láti 2011, ṣùgbọ́n ìlànà kì í ṣe òfin. Mínísítà ló ni ín.

Òfin Leahy náà kì í sì í gbani nígbà gbogbo. Colombia, níbi tí ti Leahy ti bẹ̀rẹ̀, gba owó rẹpẹtẹ látọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà láti 2000. Àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ ń tan àwọn ọ̀dọ́ tálákà lọ sínú igbó, wọ́n ń pa wọ́n, wọ́n ń wọ aṣọ ọlọ̀tẹ̀ sí òkú wọn kí wọ́n lè kà wọ́n mọ́ ọ̀tá tí wọ́n pa. Ilé ẹjọ́ àlàáfíà ibẹ̀ ka 6,402 irú òkú bẹ́ẹ̀ láàárín 2002 sí 2008. Ìwé pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ń dára sí i ń jáde láti Washington ní gbogbo ìgbà yẹn. Ohun tó jẹ́ kí àṣírí tú ni àwọn ìyá ní Soacha, lẹ́bàá Bogotá, tí wọn kò yé béèrè pé báwo ni ọmọ àwọn tí kò jáde nílé rí ṣe di ọlọ̀tẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ní ìparí oṣù Kẹwàá 2025, Ààrẹ Trump tún kọ orúkọ Nàìjíríà sínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣọ́ nítorí òmìnira ẹ̀sìn. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun lè dá gbogbo ìrànwọ́ dúró, òun sì lè rán ọmọ ogun wá. Àwọn kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì mi pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. A ti padà sí ìlànà àtijọ́ nìyẹn, tí wọ́n ń fi odindi orílẹ̀-èdè jẹ́jọ́. Ìlú tí wọ́n bá bú lódindi, gbogbo rẹ̀ ló ń bínú, ẹni tó yìnbọn gan-an a sì rí ibi fara pamọ́ sí láàárín èrò. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ.

Mo padà sí ìlà keje. Lẹ́yìn tí ìyá náà lọ, mo tún fọ́ọ̀mù mi ṣe. Mo pín ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn sí mẹ́sàn-án, nítorí mo ti rí i pé àwọn èèyàn mọ ju bí wọ́n ti rò lọ. Wọn kò mọ orúkọ ikọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rántí pé òǹtẹ̀ ẹyẹ wà lára ilẹ̀kùn mọ́tò. Wọ́n rántí pé ọ̀kan nínú wọn ń pe ẹlòmíràn ní "ọ̀gá ìṣẹ̀ǹbáyé" (ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí a rí ọkùnrin náà). Àwọn ọmọdé máa ń rántí nọ́ńbà ọkọ̀ ju àgbà lọ. Òfin ìpẹ̀jọ́ ọ̀daràn ọdún 2015 ní kí adájọ́ Májísíréètì máa lọ wo àgọ́ ọlọ́pàá lóṣooṣù. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é, ìwé ìgbàsílẹ̀ àgọ́ náà lè sọ ẹni tí wọ́n mú wọlé lóru ọjọ́ kan. Òfin tó ka ìdánilóró léèwọ̀ náà wà láti 2017. Òfin kò wọ́n wa nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aṣojú ní Àbújá, bó bá wá sílé fún ọdún iléyá tàbí kérésì, kí ẹ tó gba ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bi í pé kí ló béèrè lọ́wọ́ àwọn ológun kó tó fọwọ́ sí owó wọn lọ́dún yìí. Bí wọ́n bá sì wá gbé ọmọ yín, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ má kàn sunkún. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ wo àwọ̀ aṣọ àti ohun tí wọ́n kọ sí àyà rẹ̀, ẹ wo aago, ẹ tẹ́tí sí orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ gbé ìwé náà tọ lọ́yà lọ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.